BÍ ẸNU BÁ JẸ, OJÚ A TÌ: TA NI Ó SANWÓ ÌWÁDÌÍ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé nìkan, ṣùgbọ́n ó kan oúnjẹ wa. Nígbà tí àwa àti àwọn agbanisíṣẹ́ bá jókòó láti ṣe àdéhùn lórí owó, ìwé ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. Ìwé náà yóò nípọn, iye oríṣiríṣi yóò kún inú rẹ̀, orúkọ ọ̀mọ̀wé kan tàbí méjì yóò sì wà lára èèpo rẹ̀. Wọn yóò ní ìwádìí ti fi hàn pé agbára ilé iṣẹ́ kò ju báyìí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa á sì pa ẹnu mọ́, nítorí a rò pé ẹni tí kò kàwé púpọ̀ kò lè bá ìwádìí jiyàn.

Àwa ní kí a má ṣe pa ẹnu mọ́. Ìbéèrè kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè bèèrè, ì báà ṣe ìwé mẹ́fà péré ni ó kà: ta ni ó san owó ìwádìí yìí, kí ni ẹni náà sì ń fẹ́ kí ìwádìí sọ?

Ẹ̀yin awakọ̀ yóò tètè mọ ohun tí a ń wí. Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá ní òun yóò sanwó fún ẹni tí ó wá yẹ bíréèkì wò, tí ó sì jẹ́ pé àfi bí onítọ̀hún bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé bíréèkì dára ni owó rẹ̀ yóò pé, ta ni yóò fara gbá a lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ ni. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ wà nílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwádìí tí a fi owó darí rí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ojútáyé. Ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ilé ìwádìí kan wà tí à ń pè ní Brookings Institution. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1916. Ní 1927 ni wọ́n da ilé mẹ́ta pọ̀ di ọ̀kan, tí wọ́n sì fi orúkọ Robert Brookings, oníṣòwò ará ìlú St. Louis, pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ òfin àti ètò ìjọba wò, kí ó sì sọ èyí tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní àti èyí tí yóò pa wọ́n lára. Kò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá dìde níwájú àwọn aṣòfin tí ó ní ọmọ Brookings ni òun, wọn á tẹ́tí sí i. Orúkọ yìí ni ọrọ̀ ilé náà. Bí orúkọ bá bàjẹ́, kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ní láti tà.

Ní 2015, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ni ó dán orúkọ náà wò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń fi owó ìfẹ̀yìntì wọn sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi owó ṣòwò. Òṣìṣẹ́ kò mọ ibi tí owó náà yóò ti gbèrú jù, nítorí náà á lọ bá olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn olùdámọ̀ràn wọ̀nyí tí ilé iṣẹ́ ń fún lówó lórí gbogbo ọjà tí wọ́n bá bá a tà. Ibi tí owó tiwọn bá ti pọ̀ ni wọ́n lè júwe fún òṣìṣẹ́. Ní oṣù kejì ọdún náà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ń gba Ààrẹ Obama nímọ̀ràn ṣírò rẹ̀ pé irú ìmọ̀ràn báyìí ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 17 dọ́là lọ́wọ́ àwọn olùfowópamọ́ lọ́dọọdún. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wá dá a lábàá pé kí òfin wà: ire ẹni tí ó ni owó ni kí olùdámọ̀ràn fi ṣáájú ire tirẹ̀.

Ní oṣù keje, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Robert Litan, lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ kan ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó ní òfin náà yóò pa àwọn tí owó wọn kéré lára, nítorí wọn kò ní í rí olùdámọ̀ràn mọ́. Ó fi orúkọ Brookings sí ẹ̀rí tí ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀, ilé náà sì ní òfin pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀ lọ síwájú aṣòfin. Ìwádìí tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ṣe ni ó fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ta ni ó sanwó ìwádìí ọ̀hún? Capital Group ni, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ń fi owó ìfẹ̀yìntì ṣòwò, tí òfin náà yóò sì kàn gbọ̀ngbọ̀n. Iye tí wọ́n san jẹ́ 85,000 dọ́là.

Ìwé ìwádìí náà kò fi orúkọ ẹni tí ó sanwó pamọ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà ti rí iṣẹ́ ọ̀hún kí ó tó jáde, ó sì ti sọ èrò tirẹ̀ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án, Sẹ́nétọ̀ Elizabeth Warren kọ lẹ́tà sí Brookings lórí rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Litan fi kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Òfin tí wọ́n ń jà lé lórí jáde ní 2016, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan fagi lé e ní 2018.

Ǹjẹ́ irọ́ ni ọkùnrin náà pa? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ní èrò ọkàn òun ni òun kọ. Bí ẹnìkan bá gba owó, kò túmọ̀ sí pé ó ti di òpùrọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Ẹni tí ó jẹun lọ́dọ̀ rẹ lè má purọ́ fún ọ, kìkì pé àwọn ìbéèrè kan yóò wà tí kò ní í bèèrè. Kò ní í wo ìhà ibẹ̀. Níbi tí kò wò yẹn gan-an ni owó òṣìṣẹ́ máa ń gbà sọnù.

Ọwọ́ olówó nìkan kọ́ ni ó ń wọ ilé ìwádìí. Ọwọ́ ìjọba náà ń wọ̀ ọ́. Ní 1971, Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fọ́ Brookings kí wọ́n sì kó àwọn ìwé kan jáde níbẹ̀, nítorí ó gbàgbọ́ pé ìwé lórí ogun Vietnam wà lọ́wọ́ wọn. Ohùn rẹ̀ wà nínú téèpù títí di òní. Wọn kò fọ́ ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ rí bí ọkàn aláṣẹ ti máa ń rí sí ìwé tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Owó ìjọba ilẹ̀ òkèèrè náà ń wọ̀ ọ́. Ní 2014, ìwé ìròyìn New York Times tú u síta pé ìjọba Qatar ti ṣe àdéhùn láti fún Brookings ní mílíọ̀nù 14.8 dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin. Àwọn ará Brookings ní kò sí ẹni tí ó ń darí èrò àwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ó bá ń ka ìwé wọn lórí ọ̀rọ̀ Qatar ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ nípa owó náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwa náà ní owó ìfẹ̀yìntì. Gẹ́gẹ́ bí òfin 2014 ti wí, 8 nínú 100 owó oṣù wa ni à ń dá, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ni ó ń bá wa fi ṣòwò. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé ìwé ìwádìí jáde pé ibi báyìí ni ó dára kí owó náà lọ, kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó oṣù tí ó kéré jù lọ tún wà níbẹ̀. Ní 2024, nígbà tí ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pàdé, iye tí ìjọba kọ́kọ́ mú wá jẹ́ 48,000 náírà, tiwa jẹ́ 615,000. Ní oṣù keje, 70,000 náírà ni ó di òfin. Ẹ wo bí àlàfo náà ti gbòòrò tó! Oníkálukú mú òṣùwọ̀n tirẹ̀ wá sọ́jà. Òfin tuntun náà sì ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa tún un yẹ̀ wò, èyí tí ó túmọ̀ sí 2027. Bí a kò bá ní iṣẹ́ ìwádìí tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, agbára ẹnu nìkan ni a ó tún gbé lọ.

Àwọn kan nínú wa ti ń wí pé kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà wá onímọ̀ tirẹ̀, kí ó sanwó fún un, kí ó sì kọ ohun tí a bá fẹ́. Apá kìíní dára. Apá kejì ni a kò fara mọ́. Bí ẹgbẹ́ bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún onímọ̀, ohun mẹ́rin ni a ní kí a kọ sínú àdéhùn. Èkíní, kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lójú ewé kìíní gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó sanwó. Èkejì, kí owó onímọ̀ pé, ì báà ṣe pé ohun tí ó rí tẹ́ wa lọ́rùn tàbí kò tẹ́ wa lọ́rùn. Ẹ̀kẹta, kí ó kọ ọjà tí ó ná, ọjọ́ tí ó ná an, àti iye ẹnu tí ó kà sí ìdílé kan, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣírò. Ẹ̀kẹrin, kí ìwé náà jáde fún gbogbo ayé, kí ẹgbẹ́ má sì ní àṣẹ láti pa á mọ́.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ìdí tí a ó fi fi owó wa ra igi tí wọn yóò fi nà wá. Èsì wa nìyí: ẹni tí ó tẹ òṣùwọ̀n fún ọ lónìí yóò tẹ̀ ẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́la, owó agbanisíṣẹ́ sì ju tiwa lọ fíìfíì. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ pé kí á máa ra onímọ̀, a kò lè bá wọn ná an. Òtítọ́ nìkan ni ọjà tí a ti lè bá wọn dọ́gba, nítorí àwa ni a mọ iye tí gàrí jẹ́ àti iye tí à ń san láti dé ibi iṣẹ́.

A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀. Kí olúkúlùkù ronú lórí ohun mẹ́rin náà kí ó tó wá. Títí di ìgbà náà, bí wọ́n bá tún gbé ìwé tí ó nípọn wá sórí tábìlì níbi iṣẹ́ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí bí ó ti nípọn tó dẹ́rù bà yín. Ẹ ṣí i, ẹ wá orúkọ ẹni tí ó sanwó. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ bèèrè rẹ̀ sókè, kí gbogbo ilé gbọ́.