Ilẹ̀ Olóró: Ta Ni Yóò San Owó Ìtúnṣe Rẹ̀?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ta ilẹ̀ ńlá fún yín láàárín ìgboro, tó ní dọ́là kan péré lòun máa gbà, ṣé ẹ máa rà á? Mo mọ̀ pé ẹni tó gbọ́n nínú yín á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìgbìmọ̀ ilé ìwé ìlú Niagara Falls, ní Amẹ́ríkà, rà á ní tiwọn. Ọdún 1953 ni. Hooker, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ́míkà, ló tà á fún wọn. Kòtò gbọọrọ kan ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Love Canal ni wọ́n ń pè é. Láti 1942 ni Hooker ti ń da ìdọ̀tí kẹ́míkà síbẹ̀, ó tó nǹkan bí 21,000 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó kún, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé kẹ́míkà wà níbẹ̀ o, bí ohunkóhun bá ṣe ẹnikẹ́ni, kò kan àwọn mọ́. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìwé síbẹ̀, àwọn èèyàn sì kọ́lé yí i ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tó yá, òjò àti yìnyín pọ̀, májèlé bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè. Ó ń sun wọ yàrá abẹ́ ilé, ó ń rùn lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó ilé kan, Lois Gibbs, rí i pé wárápá mú ọmọ òun lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé náà. Obìnrin yìí kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe dókítà. Ilé dé ilé ló ń lọ, tó ń kan ilẹ̀kùn, tó ń gba orúkọ àwọn èèyàn sílẹ̀, títí ọ̀rọ̀ fi di ti gbogbo àdúgbò. Ní August 1978, wọ́n ti ilé ìwé náà pa, Ààrẹ Carter sì kéde pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Kí ó tó parí, ó lé ní 900 ìdílé tí wọ́n kó kúrò níbẹ̀.

Wàyí o, owó dà? Àwọn àgbà ní ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ní Love Canal, ọmọ ọlọ́mọ ni eérú tọ̀. Occidental, tó ti ra Hooker, kò gbà láti san 129 mílíọ̀nù dọ́là fún ìjọba àpapọ̀ títí di 1995. Ẹ ka ọdún rẹ̀ wò láti 1978. Ta ló máa fi ọmọ sórí májèlé fún ọdún 17, kó máa retí kóòtù?

Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ṣe òfin kan ní December 1980, Superfund ni wọ́n ń pè é. Bí ẹgbẹ́ ọjà ṣe ń dá owó sílẹ̀ nítorí iná ló rí. Wọ́n bu owó orí lé àwọn ilé iṣẹ́ epo àti ti kẹ́míkà, wọ́n ń kó o sápò kan. Bí wọ́n bá rí ilẹ̀ olóró, ìjọba á yọ nínú owó yẹn, á tọ́jú ilẹ̀, lẹ́yìn náà á wá lé ẹni tó bà á jẹ́ mú. Ẹ ò rí i? Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ.

Ṣùgbọ́n owó orí yẹn dópin ní 1995, ẹrù wá ń wọ ọrùn mẹ̀kúnnù. Òfin 2021 àti 2022 ló dá a padà.

Ní Love Canal, wọ́n fi amọ̀ bo kòtò náà, wọ́n ṣe ojú ihò tí omi olóró ń gbà jáde, wọ́n sì fi ọgbà yí i ká. Wọ́n tún ilé tó lé ní 200 ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, wọ́n tà wọ́n. Ní 2004 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ olóró.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní 2010, ní Zamfara níhìn-ín, àwọn tó ń fọ́ òkúta wúrà ní abúlé wọn kò mọ̀ pé òjé pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ju 400 ọmọdé lọ tó kú. Wọ́n ní láti ha ilẹ̀ kúrò nínú agbo ilé, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní abúlé Bagega, àwọn dókítà ò lè wo àwọn ọmọ sàn, nítorí bí wọ́n bá gba oògùn, orí ilẹ̀ yẹn náà ni wọ́n á padà sí. Ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí 850 mílíọ̀nù náírà ní 2012. Ọdún 2013 ni owó tó jáde. Àwọn ọmọ ń jẹ òjé, ìwé owó ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn!

Òjé yẹn náà ló wà nínú bátìrì mọ́tò. Ẹ̀yin rewáyà, ẹ̀yin tó ń ra bátìrì tó ti kú, ẹ má ṣe yọ́ ọ lẹ́yìnkùlé, ẹ má da omi rẹ̀ sílẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, ẹ sọ fún un, torí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹni tó sì fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí gba ṣọ́ọ̀bù, kó bi àwọn àgbà àdúgbò: kí ni wọ́n ń ṣe níbí tẹ́lẹ̀? Ṣé ilé epo ni, àbí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè nìkan ò tó. Ẹni tó ń jèrè lórí májèlé ló yẹ kó dá owó ìtọ́jú sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ìjọba ṣe é lófin, kí owó náà wà nílẹ̀ de ọjọ́ tí ilẹ̀ bá bàjẹ́. Bí ẹgbẹ́ yín bá tún ṣèpàdé, ẹ gbé e kalẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí káńsù yín àti aṣòfin yín. Obìnrin kan tó ń kan ilẹ̀kùn ló bẹ̀rẹ̀ ti Niagara Falls. Ilẹ̀kùn pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.