ILÉ OLÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ KỌ́ NI ILÉ ÈRÈ

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà Òkàkà,

Àwọn alágbàtà ilé ti rí i pé àwa tó ń kó ẹ̀lùbọ́ lọ sí Bódìjà ń dá àjọ. Wọ́n ní ká fi owó náà ra ilé oníyàrá 10 ní àdúgbò mẹ̀kúnnù n'Ìbàdàn ká fi rẹ́ǹtì, pé kò wọ́n, èrè ibẹ̀ sì dájú. Irọ́ ni! Àdúgbò mẹ̀kúnnù ò burú o, mẹ̀kúnnù ni àwa náà. Àmọ́ ṣé a máa ń ra ẹ̀lùbọ́ láìtú àpò wò?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní 12,000,000 náírà ni ilé, kí yàrá kan máa pa 10,000 lóṣù. Alágbàtà á ní 1,200,000 lọ́dún nìyẹn, ọdún 10 owó ti pé. Kò ní sọ pé yàrá mẹ́ta lè ṣófo, kí ẹnì kan má sì san. Mẹ́fà tó kù á pa 720,000. Ẹ yọ 220,000 fún páànù tó ń jò, ṣáláńgá tó kún àti ẹni tó ń bá yín gba owó ilé. 500,000 ló kù. Ọdún 24 ni owó yín á tó pé!

Omi ńkọ́? Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa gbé èèyàn àti ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn. Ìdí tí ilé etí odò fi dínwó nìyẹn.

Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó Màrókò l'Ékòó. Onílé tó ń gba owó ilé níbẹ̀ pàdánù ilé àti ayálégbé lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí náà, ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ nígbà òjò. Ẹ wo ìdí ògiri, omi máa ń fi àmì sílẹ̀. Ẹ ka yàrá tó ṣófo nínú àwọn ilé tó yí i ká. Ayálégbé ni kí ẹ bi, ẹ má bi alágbàtà: èló ni wọ́n ń san? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Ṣé kànga máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn? Ẹ gbé ìwé ilẹ̀ àti sọ́fè fún lọ́yà tiyín, kì í ṣe tiwọn.

Owó tó ń ra ọjà kì í ṣe owó ilé. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ọjà ni ká fi ra ilé. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó lónìí kí ẹlòmíì má bàa rà á, ẹ ní kó yáa tà á fún ẹlòmíì náà.

Èmi ni,
Akọ̀wé ẹgbẹ́