Ẹni Tí Ó Ń Ṣiṣẹ́ Nílé Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Inú agbo ilé ni ahunṣọ àti aláró ti ń ṣiṣẹ́ láyé àtijọ́, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti dé, ẹni tí kò bá jáde láàárọ̀ ni aráyé ń pè ní aláìníṣẹ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà gbòde, Ìjọba Àpapọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìpele 12 sí ìsàlẹ̀ máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé rí i pé àwọn kò ní ibi tí wọ́n lè tẹ́ ìwé sí.

Ọmọ Yorùbá tí ó háyà yàrá méjì ní Bosso kò nílò ohun olówó ńlá. Tábìlì kan àti àga tí ó gba ẹ̀yìn dúró lẹ́bàá fèrèsé ti tó. Kí fèrèsé náà má kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, nítorí ooru Minna lóṣù Kẹta àti Kẹrin kì í ṣe kékeré. Bí ọyẹ́ bá dé, kí ó fi aṣọ bo ìwé nítorí eruku. Ìsédò Shiroro wà ní Ìpínlẹ̀ Niger, síbẹ̀ iná a máa lọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kì í lọ lọ́sàn-án.

Èyí tí ó ju tábìlì lọ ni ọ̀wọ̀. Ará ilé tí ń ránni níṣẹ́ ṣáá, àlejò tí ó jókòó dọ̀sán, àwọn ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kí baálé má sì gba tábìlì náà fún ara rẹ̀ nìkan: ìyàwó tí ń ṣírò owó ọjà àti ọmọ tí ń múra ìdánwò ní ẹ̀tọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n jọ pín wákàtí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ará ilé bá bọlá fún ni ará òde yóò bọ̀wọ̀ fún.