Sólà dára, ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń tàn nígbà tí àlejò bá dé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n tún gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Ìdí nìyẹn tí páńẹ́lì fi ń pọ̀ sí i lórí ìsọ̀ wa ní Sábó Gàrí àti lórí ilé wa ní Tàrauní. A ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ilẹ̀ Hausa la wà, oòrùn ò wọ́n wa. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, nípasẹ̀ àjọ REA, ti mú ètò iná sólà wọ ọjà Sábó Gàrí yìí.

Bátìrì ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, bátìrì olómi la ń lò. Ní báyìí, lithium ni gbogbo ènìyàn ń wá, wọn ò sì jẹ̀bi. Bátìrì olómi, bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Lithium, ẹ lè lo 80 nínú 100 kí ó má ṣe nǹkan kan. Ohun tí a ń bá ara wa sọ ni pé kí a yé gbé lithium so mọ́ irin iṣẹ́ bátìrì olómi.

Àwa náà ṣe é, ojú sì tì wá. A ta bátìrì olómi méjì, a ra lithium kan, 12 volt, 100Ah. Ọmọkùnrin tó wá so ó kò fọwọ́ kan charge controller tó ti wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, iná ni iná, ó ti ń wọlé." Kò pẹ́, iná bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́sàn-án gangan, nígbà tí oòrùn mú jù. A ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Díẹ̀ ló kù kí a bá ẹni tó tà á jà.

Ìgbà tí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n wá tú u wò ló yé wa. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣì sẹ́ẹ̀tì controller náà sí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á gbé iná sókè kọjá 15 volt láti fi fọ bátìrì olómi, bẹ́ẹ̀ irú lithium tiwa kò fẹ́ ju 14.6 lọ. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú lithium tí wọ́n ń pè ní BMS, òun ló ń já iná. Òun ló ń gbà wá, àwa sì ń bú u. Ó tún fi hàn wá pé wáyà náà tín-ín-rín, ó ń gbóná, kò sì sí fíúsì. Ẹ̀yìn bátìrì náà, léèsì àti ànkárá ló wà níbẹ̀ dé àjà. Ara wa bù máṣọ.

Àwọn tó wà lọ́jà ní oṣù kẹta ọdún 2016 kò ní gbàgbé. Iná jó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsọ̀ ní Sábó Gàrí. Àwọn kan sùn ní ọlọ́jà, wọ́n jí ní onígbèsè. A ò sọ pé sólà ló fà á o. Ohun tí à ń sọ ni pé a ti rí ohun tí iná lè ṣe.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè. Àkọ́kọ́, ṣé LiFePO4 ni? Ìyẹn máa ń ní 12.8 volt, kì í sì í tètè gbiná bí irú èyí tó wà nínú fóònù. Ìkejì, ṣé controller náà ní ibi tí a ti ń sẹ́ẹ̀tì lithium, ṣé wọ́n sì ti pa fífọ̀ bátìrì olómi yẹn? Ìkẹta, fíúsì dà, lẹ́bàá bátìrì gan-an? Ṣé wáyà náà sì nípọn tó? Ìkẹrin, níbo la máa gbé e sí? Oòrùn Kánò ní oṣù kẹta àti ìkẹrin máa ń kọjá 40, inú ìsọ̀ tí a tì pa lábẹ́ páànù sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe bátìrì yìí ní kí a má ṣáàjì rẹ̀ bó bá ti gbóná kọjá 45. Ìkarùn-ún, páńẹ́lì mélòó? Bátìrì 100Ah gba bíi 1,280 watt-wákàtí. Páńẹ́lì 300 watt, bó bá rí oòrùn tó dáa fún wákàtí 5, 1,500 ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti wáyà á jẹ nínú rẹ̀. Páńẹ́lì 100 watt kò lè kún un lọ́jọ́ kan. Ẹ máa nu páńẹ́lì yín.

Àwọn kan á ní owó controller tuntun ti pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í wé ọjà tó wà nínú ìsọ̀ yín. Àwọn mìíràn á ní oníná ló mọ̀. Oníná á gbowó, á lọ ilé rẹ̀. Àwa la máa ti ìsọ̀ pa, tí a máa fi bátìrì sílẹ̀ mọ́jú.

Ìmọ̀ràn tiwa rèé. Kí ẹgbẹ́ wa dín owó aṣọ ẹbí kù lọ́dún yìí, kí a fi gba oníná kan tó mọṣẹ́, kó máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Kí ó má mọ sọ́dọ̀ àwa Yorùbá nìkan. Iná ò mọ Hausa, kò mọ Igbo. Bí ìsọ̀ aládùúgbò bá ń jó, tiwa náà ló ń jó.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo lithium ju ọdún kan lọ, ẹ sọ tiyín fún wa. Ọjà á tà o, a ò ní rí ìjà iná.