Ẹrú Kú, Ìyá Kò Gbọ́

Ẹni tí ó bá jí rìn ní àwọn òpópónà Sókótó, ìlú Ṣéhù Usman dan Fodio, kí oòrùn tó gòkè, kí ooru tó di ẹrù tí gbogbo orí ń rù, yóò rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lé èjìká, tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò pè wọ́n síṣẹ́ òòjọ́. Lára irú wọn ni àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń tún àgbàlá ọlọ́lá ṣe ti ń mú àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, tí yóò to òkúta íńtálọ́ọ̀kù, tí yóò gbin koríko tútù àti òdòdó síbi tí yanrìn nìkan wà tẹ́lẹ̀, tí wọn yóò sì máa pọnmi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí pé ilẹ̀ Sókótó kì í fún ewéko lómi lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, onílé a jókòó sábẹ́ dóńgóyárò rẹ̀, a wo àgbàlá náà títí, a ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Àwọn tí kò sí lábẹ́ igi náà ni ọ̀rọ̀ mi kàn.

Àwọn àgbà ní, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí kẹ́dùn ẹni tí kò ní alátìlẹ́yìn, wọn a sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi í ní ọ̀rọ̀ kan: kí ló dé tí ìyá kò gbọ́? Etí ìyá kò di, ìfẹ́ ọmọ kò sì tán nínú rẹ̀. Ọ̀nà ni ó jìn. A ta ọmọ fún ẹni tí ó tà á fún ẹlòmíràn, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, èdè ẹnu rẹ̀ di èdè àjèjì, títí ó fi di pé láàárín ẹni tí ó bí i àti ẹni tí ń jẹ èrè òógùn rẹ̀, kò sí ẹyọ ènìyàn kan tí ó mọ àwọn méjèèjì. Inú àlàfo yẹn gan-an ni ọmọ ti ń di ẹrú.

Ìlú Sókótó kò ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí Muhammadu Bello, ọmọ Ṣéhù, ti tẹ̀ ẹ́ dó ní 1809 ni wọ́n ti ń kó àwọn tí ogun mú sí àwọn oko ńláńlá tí ó yí i ká, oko tí àwọn Haúsá ibẹ̀ ń pè ní rúnjì, orúkọ náà kò sì tíì parẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Runjin Sambo nínú ìlú náà lónìí ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe oko ẹrú láìfura. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1903; ó di 1936 kí òfin tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá lókè Ọya. Kí ọmọ Yorùbá tí ń ka èyí má sì yọ ṣùtì o. Àwa náà ta ara wa, àwa náà ni a sì ni ìwọ̀fà, tí ènìyàn ń fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ dúró fún gbèsè, tí iṣẹ́ tí ó ń ṣe láti ọdún dé ọdún kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó náà, nítorí pé èlé nìkan ni òógùn rẹ̀ ń san.

Ìwọ̀fà òde òní kò ní orúkọ. Ẹnìkan a lọ sí abúlé, a sọ fún baba pé òun fẹ́ mú ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ ní ìlú ńlá. Owó ọkọ̀ tí ó san a di gbèsè, oúnjẹ tí ọmọ jẹ a di gbèsè, orí àpò símẹ́ńtì tí ó sùn lé a di gbèsè. Agbaṣẹ́ṣe tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé a gbé e fún agbaṣẹ́ṣe kékeré, ìyẹn a gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, owó a máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́, nígbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbẹ́lẹ̀, kò kù ju àwẹ́ obì kan. Onílé ní tirẹ̀ ti sanwó pé, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. N kò sọ pé gbogbo ọmọ tí ó bá gbé ọkọ́ ní Sókótó ni ẹrú; iṣẹ́ kì í pa ọmọ. Àìrí owó gbà àti àìlè padà sílé ni ó ń sọ iṣẹ́ di oko ẹrú.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ń dà sí ojú ọ̀nà inú ọgbà tún ní ìtàn tirẹ̀. Ta ni kò mọ Abẹ́òkúta, ìlú àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbi, tí wọ́n tẹ̀ dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830 nítorí pé wọ́n ń sá fún ogun àti akónilẹ́rú, tí àpáta sì gbà wọ́n? Ní agbègbè ìlú àpáta yìí kan náà ni a ti rí àwọn ọmọdé tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, púpọ̀ nínú wọn láti agbègbè Zakpota, tí wọ́n ń fi òòlù fọ́ òkúta láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 2003, ọmọ 116 ni wọ́n dá padà sílé; ní oṣù Kẹwàá, 74 mìíràn tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọmọ náà fi ẹnu ara wọn ròyìn pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ti kú síbẹ̀. Ìyá wọn wà ní Zakpota. Ta ni ìbá sọ fún un?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé òkúta tí wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá lọ́dọ̀ wọn lè jẹ́ èyí tí ọmọdé gbẹ́ ní Rajasthan ní ilẹ̀ Íńdíà. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2015 sì sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn pé kí ó máa kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún ohun tí ó ṣe kí oko ẹrú má bàa wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tí ń kó ọjà fún un. Kò burú, ṣùgbọ́n ìwé kò ní etí, gádínà tí gbogbo dúkìá rẹ̀ kò ju bárò méjì lọ kò sì lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wù mí jù wà nínú Òfin Iṣẹ́ tiwa ti 1974: ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14 kò gbọdọ̀ ṣe ju iṣẹ́ òòjọ́ tí a ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ilé òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni ó gbọdọ̀ sùn. Àfi bí ẹni pé ẹni tí ó kọ òfin náà ti gbọ́ òwe wa rí: ó fẹ́ kí ìyá gbọ́, lálaalẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ilé àti àgbàlá ní Sókótó, ẹ bi agbaṣẹ́ṣe yín níbi tí òkúta ti wá àti ẹni tí ó fọ́ ọ. Ẹ rí i pé owó òòjọ́ dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́, níṣojú yín. Ẹ fi èdè tí ọmọ gbọ́ béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, bí ó bá sì ń wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dáhùn, ẹ dá iṣẹ́ náà dúró. Àjọ NAPTIP, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò ní 2003, ọdún kan náà tí àwọn ọmọ Zakpota padà sílé, ní ọ́fíìsì ní Sókótó, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè sí 627.