Ẹ Máa Wá Tàbí Ẹ Má Wá?

Ọ̀rọ̀ ìjà orí fóònù ni a mú wá fún yín lóṣù yìí, nítorí ìjà náà kì í pẹ́ wọ inú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìyàwó ẹ̀gbọ́n kan tí ó fẹ́ ṣe ìkómọ. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé, "E ma wa." Kí wọ́n máa bọ̀ ni ó ń wí, ìyàwó àbúrò kà á pé kí òun má wá. Kò sí àmì ohùn lórí rẹ̀, kò sì sí ojú tí ó lè wò kí ó fi mọ̀ pé ẹ̀rín ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kọ, "Oko re ti baje." Ọkọ̀ ni ó ní lọ́kàn, ọkọ ni ìyàwó kà! Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn àǹtí ti dá sí i, ẹnìkan á sì kọ ọ́ pé, "Mo ti tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ kọ. Ọjọ́ tí yóò wúlò ń bọ̀." Kò dárúkọ kóòtù, ṣùgbọ́n kóòtù ni gbogbo wọn gbọ́. Èyí ni ó burú jù lójú tèmi. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó yẹ kí ó tọrọ àforíjì yóò máa bẹ̀rù pé àforíjì náà ni wọn yóò fi dá òun lẹ́bi. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, obìnrin kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò tí ilé iṣẹ́ kan ń ṣe. Ó fi ọ̀rọ̀ gbígbóná dá ẹni tí ó ta kò ó lóhùn. Àwọn ọlọ́pàá mú un, ọ̀rọ̀ sì di ẹjọ́. Nígbà náà, abala 24 nínú òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ ẹni tí ó fi irọ́ bí ẹlòmíràn nínú sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí kí ó san mílíọ̀nù 7 náírà. Kóòtù ECOWAS ti ní kí a tún un ṣe ní 2022. Ní 2024 ni wọ́n tó dín agbára rẹ̀ kù, tí ó fi di ti irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe.

Bí ọ̀rọ̀ bá dùn yín, ẹ kà á sókè lọ́nà méjì, kí ẹ sì pe ẹni tí ó kọ ọ́ kí ẹ tó fi han baálé yín. Bí ó bá sì di ti lọ́yà lóòótọ́, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá parí ìjà fún.