Eku Inú Ọkọ̀ Akẹ́rù

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti finá sun igbó, eku a máa fi oko sílẹ̀, a sì máa wá ibi tí oúnjẹ àti ibùsùn gbé wà. Gbogbo àgbẹ̀ ni ó mọ̀ pé ó ń wọ inú àká àti inú ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni kò rántí pé ilé kẹta wà tí eku fẹ́ràn, èyíinì ni ọkọ̀ tí ń kó ẹrù oko lọ sí ọjà. Àgbàdo tí ó dà sílẹ̀, gààrí tí ó bọ́ sábẹ́ ìjókòó, àti ewé ẹ̀kọ tí awakọ̀ jù sílẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún un. Ògbólógbòó àpò sì jẹ́ ẹní fún un. Bí ọkọ̀ náà bá dúró láti ọjọ́ Sátidé títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti di ilé eku.

Àwọn kan a máa wí pé, kí ni eku lè fi ọkọ̀ irin ṣe? Eyín iwájú eku kì í dẹ́kun láti máa hù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nítorí náà kò lè ṣe kí ó má gé nǹkan jẹ. Èkúté tí kò lè jẹ sèsé a sì fi í ṣe àwàdànù: kò lè jẹ wáyà yó, ṣùgbọ́n a máa bó o láwọ̀. Wáyà tí a bó láwọ̀ bá kan irin, iná a ṣẹ́, ọkọ̀ a sì lè jóná pẹ̀lú ẹrù tí ó wà nínú rẹ̀. Bí iná ìtànná ọkọ̀ bá sì kú lójijì ní òru, ọ̀ràn náà ti kúrò ní ọ̀ràn owó nìkan.

Síbẹ̀, ìbàjẹ́ wáyà kọ́ ni ó burú jù. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, a sì fi orúkọ ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno pè é. Laura Wine, nọ́ọ̀sì míṣọ̀n ará Amẹ́ríkà tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni àìsàn náà mú. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì kan tí ó tọ́jú rẹ̀ kó o, òun náà sì kú. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn wá rí i pé eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ gidigidi ni ó ń gbé àìsàn náà kiri, nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá kó o, nǹkan bí 8 ni kì í ṣe àìsàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyókù a máa ṣàìsàn líle, ẹlòmíràn a kú, ẹlòmíràn a yè ṣùgbọ́n etí rẹ̀ a di. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn ibi tí ó ti ń jà jù lọ, pàápàá láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin. Kì í ṣe gbogbo eku ni ó ní in, ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ tí ó lè wo ìgbẹ́ eku kí ó sì mọ èyí tí ó ní in.

Ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ gbà pé májèlé ni ó lè parí ọ̀ràn yìí. Májèlé a máa pa eku kan ní kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé, òórùn rẹ̀ a sì gba ọkọ̀ kan. Ó sì lè dà sórí oúnjẹ tí àwọn ẹlòmíràn yóò rà. Ihò wà níbẹ̀ síbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀ síbẹ̀, eku mìíràn a sì dé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Òtítọ́ ọ̀ràn náà ni pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ń fún eku ní ilé. Iye ìrìnàjò ni ó fi ń san owó awakọ̀. Kò sì san kọ́bọ̀ fún gbígbá ọkọ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó gbá a. Àwọn alágbàrù tí ń fi ọwọ́ lásán gbé àpò, àti àwọn obìnrin ọlọ́jà tí ń jókòó lórí ẹrù, ni wọ́n ń fi ara gbá ohun tí olówó ọkọ̀ kò fẹ́ fi owó gbá. Èyí kò tọ́. Kí ó ka ìmọ́tótó ọkọ̀ kún iṣẹ́, kí ó sì san owó rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò sì le. Kí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí a má ṣe fi ọwọ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ ni imú ń fà. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí a po Jik ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 9, kí a fi rin ibẹ̀ gbingbin, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 5, kí a tó fi àkísà nù ún. Kí a tú okùn bátìrì kí a tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Àwọ̀n onírin ni kí a fi dí ihò, kì í ṣe àkísà. Eku tí pàkúté bá pa, kí a rì í mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe fi í se ọbẹ̀.

Bí ibà bá sì mú awakọ̀ tàbí alágbàrù láàárín ọjọ́ 21, tí oògùn ibà kò ràn án, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ eku náà fún dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ ń tọ́jú àìsàn yìí, ìtọ́jú tí ó bá sì tètè bẹ̀rẹ̀ ni ó ń ṣe àǹfààní jù.

Olówó ọkọ̀ tí ń dá ìdámẹ́wàá owó ẹrù rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run ní ọjọ́ Ìsinmi, kí ó wo abẹ́ ìjókòó ọkọ̀ náà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ń bá a gbé ẹrù ni ọmọnìkejì rẹ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù.